"Third-year student": bí a ṣe ń kọ ọ́ kó gún

Gbólóhùn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ì báà jẹ́ lẹ́tà tó fi ń tọrọ owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, fọ́ọ̀mù IT (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níléeṣẹ́), ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n rí, tàbí ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ara rẹ̀ lórí LinkedIn, òun ló máa kọ́kọ́ kọ: akẹ́kọ̀ọ́ ọdún báyìí ni mí, ní ẹ̀ka báyìí, ní yunifásítì báyìí. Ní Yorùbá, kò sí nǹkan kan tó le nínú rẹ̀. Tó bá di Gẹ̀ẹ́sì, wàhálà dé. Mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, bó sì ṣe sábà máa ń rí nìyí:

"I am a 300 level students in Department of Chemistry at the Obafemi Awolowo University Ile-Ife."

Ẹni tó bá kà á yóò gbọ́ ohun tó ń wí. Síbẹ̀, àṣìṣe márùn-ún ló wà nínú ìlà kan ṣoṣo yẹn: háífìn (-) kò sí láàárín "300" àti "level", "students" gba "s" tí kò yẹ kó gbà, "Department" kò ní "the" níwájú, Obafemi Awolowo University ní "the" tí kò nílò, kọ́mà kò sì sí kí a tó kan Ile-Ife. Ìkẹfà ló tóbi jù, kì í sì í ṣe ti gírámà rárá. Òun ni "300 level" fúnra rẹ̀, bí lẹ́tà náà bá ń lọ sí òkè òkun. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá tún márùn-ún yòókù ṣe tí kò tún èyí ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yé ẹni tó ń kọ̀wé sí.

Ní Ifẹ̀, "Part" là ń pè é. Ẹ bi ẹni tó wà ní ọdún kẹta léèrè níwájú Hezekiah Oluwasanmi Library, Part 3 ló máa sọ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì yòókù ní Nàìjíríà, 300 level ni. Méjèèjì dára ní ipò tiwọn. Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí HOD (olórí ẹ̀ka) tàbí Dean (olórí fákọ́tì) yín nínú ọgbà, ẹ kọ "Part 3", torí òun ló bá fáìlì tó wà lọ́wọ́ wọn mu. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Èkó tàbí Àbújá lẹ́tà ń lọ, ẹ kọ "300-level", torí ọ̀gá tó máa kà á lè má gbọ́ "Part" rí. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá máa kọjá ààlà Nàìjíríà, ẹ pa méjèèjì tì, ẹ lo "third-year".

Ìdí rẹ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà, "300-level" wà lóòótọ́, àmọ́ kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọn kì í pe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 300 ni "300-level course". Àwa náà ń fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pe kọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n a tún fi ń pe akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń ka ìwé yín lọ́hùn-ún yóò kàn máa wò ó pé kọ́ọ̀sì wo lẹ ń sọ.

"Third-year" náà ní ihò tirẹ̀ o. Ní England, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́. Ní Scotland, mẹ́rin. Ẹni tó wà ní London tó ka "third-year student" yóò rò pé ẹ ti fẹ́ jáde, pé nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án ẹ ó ti máa wá àyè master's. Ní tiwa, ọdún mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní fákọ́tì Arts àti Science fún ẹni tó gba JAMB wọlé, márùn-ún ni ti Law àti Engineering, mẹ́fà ni ti Medicine. Torí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Law tó kọ "fourth-year law student" tó sì dákẹ́ ti fi òǹkàwé rẹ̀ sínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló máa tún un ṣe:

"I am a fourth-year student on a five-year law programme."

"I am in the third year of a four-year degree in chemistry."

Ìkejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó sọ ibi tí ẹ dé, ó sọ ibi tí ọ̀nà parí sí, kò sì gba háífìn tó le. Ẹni tó bá wà ní ọdún tó kẹ́yìn kò tilẹ̀ nílò gbogbo àlàyé yìí: "a final-year student" ni kó kọ, kò síbi tí wọn kì í ti í gbọ́ ọ. Ẹ má fi "finalist" rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé tó ń lọ jìnnà. A máa ń lò ó nílé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níta á rò pé ẹni tó dé ìpele àṣekágbá ìdíje kan lẹ ń sọ.

Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Freshman" ni ọdún kìíní, "sophomore" ni ìkejì, "junior" ni ìkẹta, "senior" ni ìkẹrin. "Junior" yìí máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́rù, wọ́n á rò pé ó ń rẹ àwọn sílẹ̀, wọ́n á wá lọ tẹ "senior" torí pé wọ́n ti wà ní Part 3. Ẹ tẹ "junior". Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún kò ní rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu pátápátá níbẹ̀. Kó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, kó sì rí i dájú pé oṣù àti ọdún tó ń retí láti jáde tó kọ sínú àpótí tó tẹ̀lé e jẹ́ òótọ́, torí òun ló máa tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé èyí ni ti kàlẹ́ńdà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó sì wọ oṣù Kejìlá. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti February sí October. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá lẹ́nu ẹ̀kọ́, tó bá ka ọdún tó ti wọlé, ọdún karùn-ún lè ti pé kó tó parí Part 3. Kí ló máa kọ? Ipele tó forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà yìí ni. "Third-year" kò sọ iye ọdún tí ènìyàn ti lò lọ́gbà, ibi tó dé nínú ẹ̀kọ́ ló ń sọ. Bí ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó máa jáde bá jìn síra jù nínú CV, gbólóhùn kan tó sọ pé ìyanṣẹ́lódì dá ilé ẹ̀kọ́ dúró ti tó. Kò sídìí láti ṣàròyé.

Ti direct entry yàtọ̀. Ẹni tó fi NCE tàbí A-level wọlé, ọdún kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́gbà, ṣé "first-year" ni àbí "second-year"? "Second-year" ni. Tó bá fẹ́ kí ó hàn kedere, kó kọ "I was admitted directly into the second year". Ẹ má kàn kọ "I am a direct entry student" kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará òkè òkun, kò ní mọ ẹnubodè tí ẹ gbà wọlé. Ẹni tó ní extra year náà, kó má kọ "spillover" sínú lẹ́tà. "I am completing my remaining courses" jẹ́ òótọ́, ó sì mọ́. "Jambite" (akẹ́kọ̀ọ́ tuntun) àti "stalite" (akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ lọ́gbà) kò nílé nínú lẹ́tà kankan.

Ó yá, ká wá kan gírámà.

Háífìn ni ìlà kékeré tó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí "third" àti "year" bá jọ dúró níwájú "student" láti sọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́, wọ́n ti di ọ̀rọ̀ kan, ẹ so wọ́n: "a third-year student", "a 300-level student", "a final-year project". Bí "year" bá dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ tú wọn sílẹ̀: "I am in my third year", "this is my final year". Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí n wo ohun tó tẹ̀lé "year". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí "third year" ń ṣàpèjúwe, háífìn wọlé. Tó bá jẹ́ àmì ìdánudúró, tàbí "at", tàbí "of", kò wọlé.

"S" ló máa ń dà wá láàmú jù níbí, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Yorùbá kì í fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀-orúkọ nítorí pé ó pọ̀. Ọdún kan, ọdún mẹ́rin, "ọdún" kò yí padà. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ wa ní ilé ìwé pé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní "s" lẹ́yìn "four", a gbé "s" náà lọ sí gbogbo ibi tí "four" bá ti yọjú. Bí "a four-years programme" ṣe ń wáyé nìyẹn. Nígbà tí iye àti "year" bá jọ wà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, "s" kò sí níbẹ̀: "a four-year programme", "a six-month course", "a 20-year-old student". Bí wọ́n bá bọ́ sẹ́yìn, "s" á padà, háífìn á lọ: "the programme lasts four years", "she is 20 years old".

Òdì kejì náà wà. Ẹni tí wọ́n ti bá wí torí "s" á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e dànù níbi tó yẹ kó wà: "one of the third-year student". Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ "students", torí ọ̀pọ̀ ni ẹ ti ń mú ẹyọ kan jáde. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọdún kìíní àti ìkejì pọ̀, háífìn àkọ́kọ́ á dúró láìrí ohun tó so mọ́: "first- and second-year students". Ó ń dà bí àṣìṣe lójú ẹni tí kò rí i rí, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

"A" tàbí "an"? Etí ni kí ẹ lò, ẹ má lo ojú. "University" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà "u", ṣùgbọ́n ìró tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni "yu", kọ́ńsónáǹtì ni. "A university student" ni ó tọ́. "An university" ni àṣìṣe tí mo ń rí jù lẹ́yìn ti háífìn. "Undergraduate" náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "u", ìró fáwẹ̀lì ló sì gbé jáde, nítorí náà "an undergraduate". Ẹ wá fi etí yẹn wo àwọn ìkékúrú: "an OAU student", torí "O" là ń pè, "a UI student", torí "yu" là ń pè. "An HND", "an MSc", "an LLB", "an NCE", torí pé orúkọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn, "eitch", "em", "el", "en", fáwẹ̀lì ló ṣáájú wọn. "A BSc", "a PhD". "An 18-year-old", torí "eighteen", àmọ́ "a one-year course", torí ìró "w" ló wà lẹ́nu "one". Àwa tí "h" máa ń bọ́ lẹ́nu wa, ká ṣọ́ra pẹ̀lú "an hostel" àti "an hall". Tí a bá ń kọ ọ́, "a hostel" ni.

"The" níwájú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ní òfin tó rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ. Bí "of" bá wà nínú orúkọ náà, "the" máa ń ṣáájú rẹ̀ nínú gbólóhùn: "the University of Ilesa", "the University of Ibadan", "the Department of Chemistry", "the Faculty of Law". Bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú ló ṣáájú "University", kò sí "the": "Obafemi Awolowo University", "Osun State University". Akẹ́kọ̀ọ́ Iléṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ kò lè da gbólóhùn kan náà kọ ara wọn láìyí i padà.

Lẹ́yìn orúkọ yunifásítì, kọ́mà ló ń ya ìlú sọ́tọ̀. Kọ́mà méjì ni, bí gbólóhùn bá ṣì ń lọ: "I am a third-year student at Obafemi Awolowo University, Ile-Ife, and I am interested in…" Ìkejì yẹn ni gbogbo ènìyàn ń gbàgbé.

"At", "in" àti "of" kò yẹ kó gba àkókò yín. Ilé ẹ̀kọ́ gba "at". Ẹ̀ka gba "in": "in the Department of Chemistry". Ohun tí ẹ ń kọ́ gba "of": "a student of history". "A student of Obafemi Awolowo University" kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n ń lò ó nílé wa dáadáa, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Lẹ́tà ńlá wà fún orúkọ ẹ̀ka ní kíkún. Tí ẹ bá ń sọ ẹ̀kọ́ náà lásán, lẹ́tà kékeré ni: "a third-year chemistry student". Orúkọ èdè nìkan ni kì í sọ lẹ́tà ńlá rẹ̀ nù: English, French, Yoruba. Ibẹ̀ gan-an ni ohun kan ti máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Yorùbá kọ "a third-year Yoruba student". Ta ni yóò mọ̀ bóyá Yorùbá ló ń kọ́ ni, àbí Yorùbá ló jẹ́ tó wá ń kọ́ nǹkan mìíràn? "A French student" ní ìṣòro yìí kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè yáa kọ "a third-year student of Yoruba", ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ fojú sí sípẹ́lì "fourth". "Forth" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kọ̀ǹpútà lè má fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, "forth-year student" á sì gba ibẹ̀ kọjá. Nínú lẹ́tà, ẹ kọ "third", ẹ má kọ "3rd". Nọ́ńbà dára fún fọ́ọ̀mù àti àtẹ. Tí ẹ bá tẹ "3rd" nínú Word, á gbé "rd" sókè kó kéré. Tí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ Ctrl àti Z lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí "third-year" bá sì bọ́ sí ìparí ìlà tí "third-" wà lókè, tí "year" wà nísàlẹ̀, ẹ pa háífìn náà rẹ́, kí ẹ fi Ctrl, Shift àti háífìn tẹ òmíràn. Èyí kò ní jẹ́ kí wọ́n pín mọ́. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí gbogbo àtúnṣe bá ti parí, torí ìlà máa ń yí padà bí ẹ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún un.

Gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ń lọ sí òkè òkun, yóò wá rí báyìí: "I am in the third year of a four-year degree in the Department of Chemistry at Obafemi Awolowo University, Ile-Ife, Nigeria." Ẹ má gbàgbé "Nigeria" níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Èkó ló ń lọ: "I am a 300-level student in the Department of Chemistry at Obafemi Awolowo University, Ile-Ife."

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde, ohun tó ń pe ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà, ó sì ní ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. "Graduand" ni ní ọjọ́ kónfókéṣàn títí wọ́n á fi fún un ní oyè. "Graduate" ni lẹ́yìn náà. Àgùnbánirọ̀ tó ń sin ìjọba kì í ṣe "graduate student": ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣe master's tàbí PhD ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tí àwa ń pè ní "postgraduate student". "I am a graduate of…" ni kó kọ, tàbí "I graduated from…", pẹ̀lú "from" rẹ̀. "Alumni" sì jẹ́ ọ̀pọ̀. Ọkùnrin kan jẹ́ "alumnus", obìnrin kan jẹ́ "alumna". "I am an alumni" kò tọ́ bó ti wù kó wọ́pọ̀ tó.

Ẹni tó bá ń bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tún CV kọ, kó yẹ ọdún tí wọ́n jáde wò. Ọdún 1987 ni University of Ife di Obafemi Awolowo University. Sátífíkéètì ẹni tó jáde ní 1980, orúkọ àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀, ohun tó wà nínú CV sì gbọ́dọ̀ bá sátífíkéètì mu: "a graduate of the University of Ife, now Obafemi Awolowo University, Ile-Ife".